Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò ni mí ní Abẹ́òkúta, mo sì fẹ́ ṣe eré burlesque: ẹ gbà mí ní ìmọ̀ràn

Ọmọ Ìtòkò:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ni mí níbí ní Abẹ́òkúta. Mo ní ètò orin kan lórí rédíò ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, orin àtijọ́ ni mo sì máa ń fi sí i jù: jùjú, àpàlà, sákárà, àti jáàsì ilẹ̀ Amẹ́ríkà láti ìgbà tí a kò tíì bí àwọn òbí mi. Yàtọ̀ sí iṣẹ́ rédíò, mo máa ń dá eré ṣe lórí ìtàgé. Mo máa ń múra bí oríṣiríṣi ènìyàn ìgboro, mo máa ń sọ̀rọ̀, mo máa ń kọrin, mo sì máa ń sín wọn jẹ títí wọn yóò fi fi ara wọn rẹ́rìn-ín.

Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí mo ti ń kà nípa àwọn obìnrin òkè òkun tí wọ́n sọ eré burlesque (eré ẹ̀fẹ̀ orí ìtàgé tí orin, ijó àti bíbọ́ aṣọ wà nínú rẹ̀) jí láti àwọn ọdún 1990 wá. Ohun tí ó fà mí mọ́ra ni pé wọn kì í ṣe oníjó lásán. Ẹ ó rí òmíràn nínú wọn tí ó jẹ́ pé DJ ni lórí rédíò ní ọ̀sán, tí yóò sì gun orí ìtàgé ní alẹ́ pẹ̀lú aṣọ tí òun fúnra rẹ̀ rán, orin tí òun fúnra rẹ̀ ṣà láti inú àwo àtijọ́, àti àwàdà tí kò sí ẹni tí ó bá a kọ ọ́. Mo rí ara mi nínú irú obìnrin bẹ́ẹ̀. Mo wá pinnu pé màá ṣe ètò kan nípa wọn lórí rédíò, màá sì ṣe eré tèmi ní gbọ̀ngàn kékeré kan ní Kútọ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

Nígbà tí mo gbé ọ̀rọ̀ náà dé iwájú ọ̀gá wa, ohun tí ó sọ kò ju pé ìhòhò ni, kò sí nǹkan mìíràn níbẹ̀, àti pé ìlú Ẹ̀gbá kọ́ ni a ti ń ṣe irú rẹ̀. N kò bá a jiyàn, nítorí pé n kò ní ìdáhùn tí ó fẹsẹ̀ múlẹ̀ lẹ́nu. Ìdí nìyí tí mo fi wá sọ́dọ̀ yín. Tí a bá yọ bíbọ́ aṣọ kúrò nínú eré yìí, kí ni ó kù? Kí ni ó pa á nígbà tí ó kú, kí ni ó sì jí i? Èmi tí ó sì jẹ́ pé ohùn mi nìkan ni ará ìlú mọ̀, ọ̀nà wo ni mo lè gbà gbé e wá sí Abẹ́òkúta láì kó àbùkù bá ara mi tàbí ilé-iṣẹ́ tí mo ń bá ṣiṣẹ́?

Àgbà Òṣèré:

Àbúrò mi, o kú iṣẹ́ o. Mo kọ́ àwọn ọmọ ní eré orí ìtàgé títí mo fi fẹ̀yìn tì, nítorí náà èmi yóò mú èyí tí ó jẹ mọ́ ìtàn nínú ìbéèrè rẹ, àwọn yòókù yóò sì mú èyí tí ó kù.

Ìhòhò kọ́ ni burlesque fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀fẹ̀ ni. Ní ọdún 1868, obìnrin ará Lọ́ńdọ̀nù kan tí ń jẹ́ Lydia Thompson kó ẹgbẹ́ eré rẹ̀ wọ New York. Obìnrin ni ó ń ṣe ipò ọkùnrin nínú eré wọn, wọ́n ń fi ìtàn àwọn òrìṣà ilẹ̀ Gíríìsì dápàárá, wọ́n ń fi orin gún àwọn gbajúmọ̀ ìgbà náà lára, wọ́n sì ń wọ ìbọ̀sẹ̀ gígùn tí ó lẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ títí dé itan. Ní ayé tí aṣọ obìnrin ń gbálẹ̀, ẹsẹ̀ yẹn ni gbogbo ènìyàn ń sọ. Ṣùgbọ́n lójú tèmi, ohun tí ó bí àwọn alátakò wọn nínú jù ni pé obìnrin dúró ní gbangba, ó wo òǹwòran lójú, ó sì sọ ohun tí ó wà lọ́kàn rẹ̀. Nígbà tí oníwèé ìròyìn kan ní Chicago bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé láti ba àwọn obìnrin náà lórúkọ jẹ́, Lydia Thompson kò pe agbẹjọ́rò. Ní ọdún 1870, ó lọ ká ọkùnrin náà mọ́ ojú pópó, ó sì fi pàṣán nà án. Wọ́n bu owó ìtanràn fún un, ó san án, ó sì ń bá eré rẹ̀ lọ. Tí o bá ń ṣe ètò orí rédíò rẹ, ibẹ̀ yẹn ni kí o ti bẹ̀rẹ̀. Kò sí olùgbọ́ tí yóò yí rédíò kúrò níbẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni àwọn ọkùnrin oníṣòwò gba eré náà mọ́ ọwọ́. Àwọn tẹ̀gbọ́ntàbúrò Minsky ní New York ni òkìkí wọn kàn jù. Nínú tíátà wọn, aláwàdà yóò ṣe tirẹ̀, oníjó yóò tẹ̀lé e, aláwàdà yóò tún padà wá. Nígbà tí ọrọ̀ ajé Amẹ́ríkà dẹnu kọlẹ̀ lẹ́yìn ọdún 1929, tíkẹ́ẹ̀tì wọn kò wọ́n, àwọn èrò sì ń rọ́ lọ síbẹ̀. Díẹ̀díẹ̀, bíbọ́ aṣọ di ohun tí ó ń tà jù, àwàdà sì di ohun tí wọ́n fi ń sinmi láàárín. Ní ọdún 1937, ìjọba ìlú New York lábẹ́ olórí ìlú náà, La Guardia, kọ̀ láti sọ ìwé àṣẹ àwọn tíátà náà dọ̀tun, wọn kò sì fẹ́ rí orúkọ Minsky tàbí orúkọ eré náà gan-an lára pátákó kankan mọ́.

Wàyí o, ní ọdún kan náà ni nǹkan kan ṣẹlẹ̀ tí ó kan ìwọ gẹ́gẹ́ bí sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1937, Mae West, òṣèré fíìmù ará Amẹ́ríkà, kópa nínú eré kékeré kan lórí rédíò, ó ṣe Éfà nínú ọgbà Édẹ́nì. Rédíò ni mo sọ. Kò sí olùgbọ́ kan tí ó rí ohun tí ó wọ̀. Bí ó ṣe ń fa ọ̀rọ̀ nílẹ̀, bí ó ṣe ń dánu dúró kí ó tó ju ọ̀rọ̀ ìkẹyìn sílẹ̀, ìyẹn nìkan ni ó dá rúgúdù sílẹ̀, tí ẹ̀sùn fi ń wọlé lọ́tùn-ún lósì, tí ilé-iṣẹ́ rédíò NBC ti Amẹ́ríkà, kì í ṣe àjọ NBC tiwa tí ń ṣàkóso rédíò o, fi tì í jáde kúrò lórí rédíò wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nítorí náà, nígbà tí ọ̀gá rẹ bá ní ìhòhò ni burlesque, bi í pé aṣọ wo ni Mae West bọ́.

Ìdáhùn mi sí ìbéèrè rẹ àkọ́kọ́ ni pé ohun méjì ni ó kù lẹ́yìn bíbọ́ aṣọ: ẹ̀fẹ̀, àti mímọ bí a ṣe ń dá nǹkan dúró kí ó tó dé. Ẹni tí ó mọ èkejì jù ni òṣèré burlesque kan, Gypsy Rose Lee, tí a bí ní ọdún 1911, tí ó sì kú ní 1970. Àwọn ojúgbà rẹ̀ a máa bọ́ aṣọ púpọ̀, òun a máa bọ́ díẹ̀, ọ̀rọ̀ ni ó sì máa ń sọ ní gbogbo àkókò náà. Yóò yọ abẹ́rẹ́ kan lára aṣọ, yóò sọ fún àwọn èrò pé ìwé kan tàbí àwòrán kan ni òun ń rò lọ́wọ́, yóò yọ òmíràn, yóò tún bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. Nígbà tí yóò fi kúrò lórí ìtàgé, ibọ̀wọ́ méjì àti ohun kékeré mìíràn lè jẹ́ gbogbo ohun tí ó bọ́, síbẹ̀ ó wà lára àwọn tí owó wọn pọ̀ jù. Ní àwọn ọdún 1960, ó ní ètò ìfọ̀rọ̀wérọ̀ tirẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n. Ẹ̀rọ gbohùngbohùn kò ṣàjèjì sí i, nítorí iṣẹ́ kan náà ni ó ń ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀.

Kò yẹ kí a gbàgbé tilé náà. Gbénga Adébóyè, Fúnwọntán, tí ó fi wá sílẹ̀ ní ọdún 2003, ohùn òun nìkan ni ó fi ń ṣe àlùfáà ìmàle, pásítọ̀ àti babaláwo, èèyàn yóò sì máa gbọ́ bí ẹni pé mẹ́ta ni wọ́n. Rédíò àti ìtàgé kò yà nílé rẹ̀.

Agbẹjọ́rò Òkè-Ìlẹ̀wó:

Bàbá, a dúpẹ́ lọ́wọ́ yín, mo sì gbádùn ìtàn pàṣán yẹn gidigidi bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé iṣẹ́ mi kò jẹ́ kí n kan sáárá sí i. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ kí a fi ọṣẹ fọ ìtàn yìí ju bí ó ti yẹ lọ. Àwọn ọkùnrin tí wọ́n ń sanwó wọlé sí tíátà Minsky kò wá gbọ́ ọ̀rọ̀ ìwé kíkà. Ara obìnrin ni wọ́n wá wò, ẹni tí ó ni tíátà ni ó sì ń kó owó lọ. Tí arábìnrin wa bá lọ sọ lórí rédíò pé ẹ̀fẹ̀ nìkan ni, olùgbọ́ tí ó bá ní íntánẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ yóò já a ní irọ́ kí orin tó tẹ̀lé e parí.

Kí ó sọ gbogbo rẹ̀ ni ó sàn jù, kí ó wá fi hàn pé òfin wà lára ohun tí ó sọ eré yìí di ohun tí ó jẹ́. Àpẹẹrẹ tí ó wù mí jù wá láti Lọ́ńdọ̀nù. Ní Windmill Theatre, láti ọdún 1932, wọ́n gba obìnrin láyè láti dúró ní ìhòhò lórí ìtàgé, ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ mira. Tí ó bá ti mira, ó ti rú òfin. Òṣìṣẹ́ ọba kan ni ó ń ṣàyẹ̀wò gbogbo eré ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà, a kò sì fòpin sí agbára rẹ̀ lórí eré títí di ọdún 1968. Ní Amẹ́ríkà, ẹni tí ó ń ṣeré lè mira, ṣùgbọ́n ó ní láti mọ ibi tí aṣọ ti gbọ́dọ̀ dúró. Ọ̀pọ̀ ohun tí àwọn tí wọ́n sọ ọ́ jí ń pè ní ọgbọ́n iṣẹ́ lónìí, ìyẹ́ ògòǹgò ńlá tí oníjó kan, Sally Rand, fi bo ara ní ìfihàn àgbáyé ti Chicago ní 1933 àti irú rẹ̀, ìyà òfin ni ó bí wọn.

Ní ti ohun tí ó pa á, Bàbá ti sọ ti 1937. Tẹlifíṣọ̀n gba àwọn aláwàdà lọ, fíìmù àti ilé ijó ìhòhò sì gba àwọn tí ó kù. Ní ti ohun tí ó jí i, àwọn ìyá àgbà ni. Obìnrin kan tí ń jẹ́ Jennie Lee, tí òun fúnra rẹ̀ ti jó rí, kó aṣọ, àwòrán àti ohun èlò àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ jọ sí oko kan ní aṣálẹ̀ Helendale ní California. Nígbà tí ó kú ní ọdún 1990, ọ̀rẹ́ rẹ̀ Dixie Evans gba iṣẹ́ náà, ó sì dá ìdíje sílẹ̀ kí àwọn ènìyàn lè máa wá wo ohun tí ó wà níbẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́bìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í wá láti dije, wọ́n sì ń jókòó ti àwọn àgbà láti kọ́ iṣẹ́. Ní ọdún 1995, Michelle Carr dá ẹgbẹ́ eré burlesque Velvet Hammer sílẹ̀ ní Los Angeles. Dita Von Teese, òṣèré burlesque ará Amẹ́ríkà, ni ó wá gbé e dé ọ̀dọ̀ àwọn tí kò gbọ́ nípa rẹ̀ rí. Lọ́tẹ̀ yìí, obìnrin ni ó ni eré, obìnrin ni ó ń pín owó, ọ̀pọ̀ nínú àwọn òǹwòran náà sì jẹ́ obìnrin. Ẹni tí ó sanra, ẹni tí ó tẹ́ẹ́rẹ́, ẹni tí ó ti dàgbà, kò sí ẹni tí wọ́n lé. Ìyẹn ni mo rò pé ó yẹ kí ọ̀gá ilé-iṣẹ́ rédíò gbọ́.

Ìmọ̀ràn òfin wá kù. Arábìnrin mi, ẹ ya ètò rédíò yín sọ́tọ̀ kúrò lára eré orí ìtàgé yín. Àjọ NBC tiwa, tí a dá sílẹ̀ ní 1992, ilé-iṣẹ́ rédíò ni ó máa ń mú tí ohun tí kò yẹ bá jáde, kì í ṣe ẹni tí ó sọ ọ́ nìkan, ìdí nìyẹn tí ẹ̀rù fi ń ba ọ̀gá yín. Ẹ kọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ sílẹ̀ lódindi, ẹ jẹ́ kí ó fọwọ́ sí i. Ní ti gbọ̀ngàn Kútọ̀, òfin ìwà ọ̀daràn wa ní ìjìyà fún ìwà tí kò bójú mu ní gbangba, kò sì sí adájọ́ tí mo mọ̀ tí yóò fẹ́ gbọ́ ìtàn Chicago.

Ìyá Aláṣọ Ìtòkú:

Ọmọ mi, n kò mọ burlesque, aṣọ ni mo mọ̀. Ọmọ mi obìnrin ni ó fi fídíò wọn hàn mí lórí fóònù ní ṣọ́ọ̀bù, a jọ wò ó títí oníbàárà fi dé bá wa.

Ohun tí mo rí ni pé aṣọ náà ni ó ń ṣeré, obìnrin náà kàn ń bá a lọ ni. Kò sí síìpù ní ibi tí ojú lè rí i, nítorí síìpù a máa há, tí síìpù bá sì há lórí ìtàgé, ìtìjú ti dé. Ìkọ́ kéékèèké ni wọ́n fi há a, tàbí bọ́tìnnì tí a ń tẹ̀ mọ́ra, èyí tí ó jẹ́ pé tí o bá fà á lẹ́ẹ̀kan yóò ṣí láti òkè dé ilẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn lo odindi orin láti bọ́ ibọ̀wọ́. Ó kọ́kọ́ fi eyín fa ìka kékeré rẹ̀, ó wo àwọn èrò, ó fa ìka tí ó tẹ̀lé e, ó tún wò wọ́n, títí ibọ̀wọ́ náà fi rọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Èmi àti ọmọ mi ń rẹ́rìn-ín, a kò sì rí nǹkan tí a kì í rí ní ọjà Ìtòkú.

Nígbà náà ni mo wá ronú pé àwa gan-an ni a ní aṣọ tí ó yẹ fún irú eré yìí. Òyìnbó ní láti wá ibọ̀wọ́ àti ìyẹ́ ògòǹgò kiri. Obìnrin tí ó ń lọ òde níbí ti wé gèlè, ó ti gbé ìborùn lé èjìká, ó ti sán ìpèlé mọ́ ìdí, ó ti ró ìró, ó ti wọ bùbá, kí a tó wá sọ ti ìlẹ̀kẹ̀. Gèlè aṣọ òkè nìkan tó fún orin kan. Ṣe ni kí o tú u bí a ṣe ń wé e gan-an, ní ìṣẹ́po kọ̀ọ̀kan, nítorí aṣọ òkè gidi a máa dún bí ẹni ń ṣí ojú ìwé tí a bá ń tú u, kí o sì gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn rẹ sí ìtòsí kí àwọn èrò gbọ́ ọ. Abẹ́ ìró kan, fi ìró mìíràn sí i. Tí èyí tí ó wà lókè bá jẹ́ léèsì olówó iyebíye, kí èyí tí ó wà nísàlẹ̀ jẹ́ àdìrẹ ẹlẹ́kọ, kí wọ́n rò pé ara ni wọ́n fẹ́ rí, kí ó jẹ́ iṣẹ́ ọnà Ìbàdàndùn orí àdìrẹ ni wọn yóò rí. Tí o bá so bẹ̀bẹ̀ mọ́ ìdí, má ṣe fi han ẹnikẹ́ni. Jẹ́ kí ó máa dún lábẹ́ aṣọ bí o ṣe ń rìn. Ẹni tí ó bá gbọ́ ọ ti mọ ohun tí ó gbọ́.

Ẹ̀bẹ̀ kan ni mo ní: má lọ ra àdìrẹ tí wọ́n tẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ tí wọ́n kó wá láti òkè òkun. Iná orí ìtàgé a máa tú u fó.

Ọmọ Ìmẹ̀kọ:

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ó yà mí lẹ́nu pé a ti sọ̀rọ̀ dé California kí ẹnikẹ́ni tó dárúkọ Ẹ̀fẹ̀, akọrin òru nínú ọdún Gẹ̀lẹ̀dẹ́, nígbà tí ó jẹ́ pé ìpínlẹ̀ Ògùn kan náà ni a wà. Ní ọ̀dọ̀ wa ní ilẹ̀ Kétu àti Yewa, kí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tó jó ní ọ̀sán, Ẹ̀fẹ̀ yóò ti kọrin ní òru. Yóò kọrin bá ẹni tí ó jí owó ẹgbẹ́, yóò kọrin bá ọkùnrin tí ó ń lu ìyàwó, yóò kọrin bá baálẹ̀ tí ó ta ilẹ̀ kan fún ènìyàn méjì, kò sì sí ẹni tí ó gbọ́dọ̀ bá a jà. Ìgbà tí ilẹ̀ bá mọ́ ni Gẹ̀lẹ̀dẹ́ yóò jáde: ọkùnrin tí ó múra bí obìnrin, ọyàn igi lára, ìdí tí wọ́n fi ọ̀pọ̀lọpọ̀ aṣọ fẹ̀, òjá àti gèlè tí wọ́n yá lọ́wọ́ àwọn obìnrin ìlú tí wọ́n fi di gbogbo rẹ̀ mọ́ra. Ojú tí ó wo Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti dé òpin ìran. UNESCO kéde rẹ̀ ní ọdún 2001 gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan lára àwọn ogún àgbáyé.

Ẹ kíyè sí i pé ìdàkejì ni. Lydia Thompson jẹ́ obìnrin tí ó ṣe bí ọkùnrin, Gẹ̀lẹ̀dẹ́ jẹ́ ọkùnrin tí ó ṣe bí obìnrin. Òun ní bíbọ́ ni eré rẹ̀ já sí, tiwa ní wíwọ̀ ni, nítorí bí aṣọ bá ṣe pọ̀ tó ni ọlá àwọn ìyá ṣe pọ̀ tó. Ẹ̀fẹ̀ ni ó so wọ́n pọ̀. Tí a bá sì ń wá ìgbà tí òyìnbó fúnra rẹ̀ di ẹni tí a ń sín jẹ, ní ọdún 1826 ní Ọ̀yọ́ Ilé, àwọn eléré ṣeré fún Clapperton, arìnrìn-àjò òyìnbó kan, níwájú Aláàfin, wọ́n sì mú ẹni tí ó múra bí òyìnbó jáde, wọ́n ń fi ìrìn rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ lójú rẹ̀. Ìyẹn ṣáájú Lydia Thompson ní ogójì ọdún ó lé.

Mo kàn ń bẹ̀ yín ni pé kí ẹ má gbé ìbòjú Gẹ̀lẹ̀dẹ́ sórí ìtàgé Kútọ̀. Ti àwọn ìyá wa ni, ó sì ní àwọn tí ó ń bójú tó o. Àṣẹ tí Ẹ̀fẹ̀ ní láti sọ òótọ́ láàárín ọjà ni kí ẹ mú. Orin kíkọ bá oníwà burúkú kò ní olówó orí.

Agbẹjọ́rò Òkè-Ìlẹ̀wó:

Ó ní olówó orí tí ẹ bá dárúkọ oníwà burúkú náà. Ẹ̀fẹ̀ ní ààbò ní Ìmẹ̀kọ, arábìnrin wa kò ní i ní Kútọ̀.

Ọmọ Ìtòkò:

Ẹ ṣeun lọ́pọ̀lọpọ̀, ẹ̀yin Bàbá, Ìyá mi, Agbẹjọ́rò àti àbúrò mi ará Ìmẹ̀kọ. Mo ti kọ ètò rédíò náà sílẹ̀ tán gẹ́gẹ́ bí Agbẹjọ́rò ṣe wí, láti orí pàṣán ọdún 1870 títí dé Helendale, mo sì ti fi àwọn tíátà Minsky sí i pẹ̀lú ohun tí wọ́n ń tà níbẹ̀. Ọ̀gá wa ti mú un lọ sílé láti kà á. Kò tíì sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ó bi mí bóyá òótọ́ ni ti Mae West.

Ní ti eré, ohun tí Ìyá Aláṣọ sọ ni ó là mí lójú. Ìyáàfin òde kan ni màá ṣe, ẹni tí ó jẹ́ pé àwìn ni ó ra gbogbo aṣọ ẹbí tí ó wà lára rẹ̀. Ó ń múra níwájú dígí, rédíò kékeré kan wà lórí tábìlì, ohùn ti inú rédíò náà yóò sì jẹ́ ohùn èmi fúnra mi tí mo ti gbà sílẹ̀. Rédíò yóò ka ìkéde: ẹni tí ó jẹ Ìyá Onígèlè lówó, kí ó wá san án. Yóò tú gèlè náà díẹ̀díẹ̀, yóò ká a, yóò gbé e sórí àga. Rédíò yóò tún pe ẹlòmíràn. Bí òṣómàáló ayé àtijọ́ ni ohùn náà yóò ṣe lóṣòó tì í títí ìpèlé, ìborùn àti léèsì yóò fi lọ, tí àdìrẹ tirẹ̀ yóò sì ṣẹ́kù, òun nìkan ni ó fi owó ara rẹ̀ rà. Ó wá ń yan lọ sí òde nínú rẹ̀.

Ohun tí ó ń dà mí láàmú ni orin. Ṣé àwo jáàsì àtijọ́ tí mo ní ni kí n lò, bí àwọn DJ òkè òkun wọ̀nyẹn ṣe máa ń ṣe, àbí kí n pe onílù gángan?

Àgbà Òṣèré:

Onílù ni kí o pè. Nínú tíátà burlesque àtijọ́, ẹgbẹ́ olórin gidi ni ó ń jókòó níwájú ìtàgé, onílù wọn kì í sì í gbé ojú kúrò lára oníjó, nítorí pé ìlù gbọ́dọ̀ bọ́ sí ibi tí ìdí bọ́ sí. Nígbà tí wọ́n sọ eré náà jí, owó láti san fún ẹgbẹ́ olórin kò sí mọ́ ní ọ̀pọ̀ ibi, ni DJ bá gba ipò wọn pẹ̀lú àwo. Àwo kì í dúró de ènìyàn. Tí ìṣẹ́po gèlè kan bá há mọ́ òmíràn, orin ti lọ, o ṣì ń fa gèlè. Onígángan yóò rí i, yóò sì fi ìlù sọ ọ́ fún àwọn èrò kí ìwọ gan-an tó mọ̀ pé ó há, ẹ̀rín méjì ni o ti gbà níbẹ̀.

Àwo jáàsì rẹ, lò ó ní ìbẹ̀rẹ̀ nígbà tí ìyáàfin náà ń múra lọ́wọ́, kí ó máa dún láti inú rédíò kékeré yẹn. Ìkéde àkọ́kọ́ ni kí ó gé e. Láti ibẹ̀ lọ, kí gángan gba iṣẹ́, ṣùgbọ́n kí ó dákẹ́ pátápátá nígbàkúùgbà tí rédíò bá ń sọ̀rọ̀. Àwọn tí ń ṣe burlesque kì í sábà ju ìṣẹ́jú 3 sí 5 lọ lórí eré kan. Tìrẹ yóò gùn jù bẹ́ẹ̀ nítorí ìkéde, má sì jẹ́ kí ó kọjá ìṣẹ́jú 12. Má pe orúkọ tí ẹnikẹ́ni ní Abẹ́òkúta ń jẹ́. Pè wọ́n ní Ìyá Onígèlè, Ìyá Oníléèsì, Bàbá Alágbàfọ̀, gbogbo ẹni tí ó bá jókòó níbẹ̀ ni yóò fúnra rẹ̀ mọ ẹni tí òun jẹ lówó. Tí ọ̀gá rẹ bá sì tún bi ọ́ nípa Mae West, sọ fún un pé oṣù Kejìlá ọdún 1937 ni, kí o wá fi tíkẹ́ẹ̀tì kan fún un.